Ẹsẹ̀ Tó Dúró Ni Kí Ẹ Wò: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìrìn Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì Wò Nínú Àgbàlá

Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, oríṣi ẹ̀dá méjì ló ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn kiri láàárọ̀: ọmọ ènìyàn àti adìẹ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wo ìrìn àwọn méjèèjì yóò ti mọ̀ pé ìbàdí ń yọ Màmá lẹ́nu kí wọ́n tó sọ ọ́ jáde. Yóò mọ̀ bóyá ọmọ tó ń tiro nílò dókítà tàbí bàtà ló kàn fún un, yóò sì mọ adìẹ tó yẹ kó yà sọ́tọ̀ kí àrùn tó ran gbogbo agbo. Kò gba ẹ̀rọ olówó iyebíye. Fóònù tó ń ya fídíò, tépù télọ̀, ẹfun, eérú díẹ̀ àti ọ̀já ìpọnmọ kan ti tó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ojú máa ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà nílẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Tí ènìyàn bá ń rìn bó ṣe máa ń rìn, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń wà nílẹ̀ fún bí ìdá 60 nínú 100 àkókò, ó sì máa ń wà lókè fún bí ìdá 40. Ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń pàdé nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ìdá 10 lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Ìyókù àkókò, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ara. Ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan ni, tí à ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí ìdúró yẹn bá ti bàjẹ́ ni ìrìn ti bàjẹ́, kódà bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kejì ló dà bíi pé ó ń ṣe jẹgẹjẹgẹ.

Ẹran ẹ̀gbẹ́ ìbàdí

Ẹ dìde. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ìbàdí yín mú, lábẹ́ ibi tí bẹ́líìtì ń dúró sí, kí ẹ wá gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ẹran kan yóò le lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lójú ẹsẹ̀. Òun ló ń fa eegun ìbàdí mọ́lẹ̀ ní ọ̀tún kí apá òsì má bàa já wálẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, torí pé ẹran náà súnmọ́ oríkèé, ìwúwo ara sì jìnnà sí i. Ó dà bí ẹni tó di orí pákó mú níbi tó kúrú, tí garawa omi so rọ̀ níbi tó gùn. Nítorí náà, tí ẹni tó wọn kílò 60 bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ohun tó ń tẹ oríkèé ìbàdí yẹn máa ń tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ìwúwo rẹ̀: bíi kílò 150 sí 180. Ìdí nìyí tí ìbàdí fi máa ń tètè jẹ lára àgbà.

Chimpanzee, irú ọ̀bọ ńlá tó jọ ènìyàn, náà lè dìde rìn, ṣùgbọ́n eegun ìbàdí rẹ̀ ga, ó sì kọjú sẹ́yìn. Ẹran tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwa, ẹ̀yìn ló wà lára tirẹ̀. Eegun itan rẹ̀ sì lọ tààrà, nígbà tí tiwa dà gẹ̀rẹ́ wọ inú kí orúnkún lè bọ́ sí abẹ́ ara. Bó bá ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, orúnkún àti ìbàdí rẹ̀ á tẹ̀, gbogbo ara á máa fì sọ́tùn-ún sósì. Àwọn olùwádìí wọn èémí ènìyàn àti chimpanzee lórí ẹ̀rọ ìrìn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2007: agbára tí ènìyàn ń ná lórí ìrìn kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí chimpanzee ń ná lọ. Eegun obìnrin àtijọ́ tí wọ́n wú ní Hadar, ní Etiópíà, ní 1974, tí wọ́n sọ ní Lucy, ti ní itan tó dà wọ inú bíi tiwa, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó ọdún mílíọ̀nù 3.2.

Ibi tí ẹ máa lò

Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, tí kò dà gẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà gọ́tà, tó sì gùn tó mítà 10. Kọ́ridọ̀ àwọn ilé àtijọ́ tó wà káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù dára gan-an. Bó bá jẹ́ ìta, ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti gbá tó sì gbẹ ni kí ẹ lò, ẹ má lo èyí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, nítorí gbogbo ènìyàn ló máa ń yí ẹsẹ̀ padà lórí ẹrẹ̀.

Ẹ fi ẹfun fa ìlà sí ìbẹ̀rẹ̀, sí mítà 2, sí mítà 8 àti sí mítà 10. Mítà 6 tó wà láàárín nìkan ni ẹ máa ka àkókò rẹ̀, torí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra kò tíì bọ́ sínú ìrìn rẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ dúró ti ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú èsì tó wà láàárín. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le máa ń gba mítà 6 yẹn kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5. Bó bá gbà á ju 7 àti ààbọ̀ lọ, ìrìn náà ti lọ́ra ju bó ṣe yẹ, ó sì yẹ kí dókítà gbọ́. Ẹ tún ka ìṣísẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Láàárín 100 sí 120 ni ti ọ̀pọ̀ àgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọmọdé máa ń yára jù bẹ́ẹ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú.

Ẹ má sọ fún bàbá àgbà pé, “Ẹ rìn ká wò yín.” Àgbà tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun á na ara, á gbé orí sókè, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní àsìkò tí ẹ máa wò ó, ẹ kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín mú fìlà wá láti yàrá ìkẹyìn. Ẹ má sì ṣe wọn ẹni tó ru ẹrù. Ẹrù orí máa ń mú ara dúró ṣinṣin, ó sì ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn obìnrin Kẹ́ńyà ní 1986, wọ́n rí i pé ẹni tó ti mọ́ lára lè ru ohun tó tó ìdá 20 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀ láìná agbára kún èyí tó ń ná tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ru apẹ̀rẹ̀ obì ní Ṣágámù kò ní bá wọn jiyàn.

Ẹ̀yìn lẹ ti máa kọ́kọ́ wò ó

Ẹ so ọ̀já mọ́ bèbè ìdí ẹni náà, kó fún dáadáa lórí aṣọ. Ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n gíga ìbàdí rẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n ojú yín, kí ẹ ya á láti ẹ̀yìn bó ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jẹ́ kí fídíò náà máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀já yóò máa fì díẹ̀. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá ń já wálẹ̀ ní apá òsì nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá wà nílẹ̀, apá ọ̀tún ni àìlera wà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi òróró pa ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ara ẹlòmíì sì gbọ́n: dípò kí ìbàdí já, gbogbo àyà àti èjìká ni yóò gbé lọ sórí ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, ọ̀já á dọ́gba, orí á sì máa fì bí igi tí atẹ́gùn ń ti. Nítorí náà, ẹ wo ọ̀já, kí ẹ sì wo èjìká pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ pé ọ̀tún àti òsì ló ń fì bẹ́ẹ̀, ìrìn pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn, ìbàdí méjèèjì ló rẹ̀.

Nínú àgbà, ògbólógbòó ìrora oríkèé ló sábà máa ń fà á. Lára ọ̀dọ́ tó jẹ́ SS, tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun itan mọ́, kí ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń tiro tó sì ń sọ pé abẹ́nú itan tàbí orúnkún ń dun òun, ìbàdí ni kí wọ́n ya fọ́tò X-ray rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ìrora ìbàdí máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí orúnkún, ó sì máa ń tan ènìyàn jẹ.

Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ tó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀

Ẹ di ojú, kí ẹni náà rìn kọjá lórí símẹ́ǹtì. Ìrìn tó dára máa ń dún ní ìwọ̀n kan náà: gbì, gbì, gbì, gbì. Bó bá dún gbì-gbì, kó dánu dúró, kó tún dún gbì-gbì, ẹsẹ̀ kan ń dùn ún. Ẹsẹ̀ tó ń dunni kì í pẹ́ nílẹ̀, ẹni tó ni ín á yára sá kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí èkejì. Bó bá dún pá! bí ẹni fi sílípáàsì gbá ilẹ̀, ẹran iwájú ojúgun kò lágbára láti rọra sọ àtẹ́lẹsẹ̀ kalẹ̀. Bó bá ń wọ́ ṣùù-ṣùù, ẹ yí bàtà rẹ̀ padà, ẹ ó rí i pé ẹnu bàtà ti jẹ. Bàtà ẹni tó ń rìn dáadáa, etí ìta gìgísẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Ẹsẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀ pá yìí wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ ní ìdí níbi tí kò yẹ, tí abẹ́rẹ́ sì kan iṣan ńlá tó gba ibẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ọmọ náà á máa gbé orúnkún ga kí ọmọ ìka má bàa wọ́lẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì máa rìn dáadáa, ẹ̀gbẹ́ iwájú itan ni abẹ́rẹ́ yẹ kó bọ́ sí. Òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, kó sì sọ ọ́ kí wọ́n tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Láti ẹ̀gbẹ́, gìgísẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀, àtàǹpàkò ló sì ń ti ilẹ̀ kẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún á máa bá ẹsẹ̀ òsì lọ. Bí ọwọ́ kan kò bá jù rárá, tí ìṣísẹ̀ sì ń kúrú sí i, tí ọ̀rùn àti ẹ̀yìn ń tẹ̀ síwájú, ẹ mú wọn lọ rí dókítà ọpọlọ, torí pé bí àrùn Parkinson ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nígbà mìíràn, kí ọwọ́ tó máa gbọ̀n. Ẹsẹ̀ tó bá ń yí gba ìta lọ bí ẹni ń fi dòjé gé koríko, tí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà sì ká mọ́ àyà, ẹ̀gbẹ́ tí rọpárọsẹ̀ mú ni.

Eérú àti ojú ẹsẹ̀

Ẹ da eérú tó ti kúnná sórí símẹ́ǹtì, kó fẹ̀ tó ìbú apá kan, kó gùn tó mítà 3, kó má nípọn ju ojú ìwé lọ. Kí ẹni náà rìn lórí rẹ̀ láìwọ bàtà. Ẹ fi tépù wọn nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, láti gìgísẹ̀ ọ̀tún dé gìgísẹ̀ òsì ní ọ̀nà gígùn: tí ọ̀tún sí òsì bá gùn ju òsì sí ọ̀tún lọ dáadáa, ẹsẹ̀ kan ń sá fún iṣẹ́. Èkejì, bí gìgísẹ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra ní ìbú: ti àgbà kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ẹni tó bá ń ya ẹsẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ń bẹ̀rù ìṣubú. Ẹ̀kẹta, àárín àtẹ́lẹsẹ̀: ó yẹ kí apá inú má kan ilẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá kan ilẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Lára ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 tàbí 6, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn ṣe máa ń rí.

Eérú náà ni wọ́n fi mọ̀ pé ìrìn yìí ti pẹ́ láyé. Ní Laetoli, ní Tanzania, eérú òkè ayọnáyèéfín gba ojú ẹsẹ̀ àwọn tó kọjá lórí rẹ̀, òjò rọ̀ sí i, ó sì le bí òkúta. Ikọ̀ Mary Leakey hú ipa ọ̀nà náà jáde ní 1978. Ó ti tó ọdún mílíọ̀nù 3.66, síbẹ̀ gìgísẹ̀ ló wọlẹ̀ jù, àtàǹpàkò sì tò pẹ̀lú àwọn yòókù, kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti chimpanzee.

Ìdánwò méjì tó kù kò gba àkókò. Kí ẹni náà dúró lórí ẹsẹ̀ kan nítòsí ògiri. Bí kò bá lè tó ìṣẹ́jú àáyá 5, ó ṣeé ṣe kó ṣubú kó sì farapa. Lẹ́yìn náà, kó dìde lórí àga, kó rìn mítà 3, kó yíjú padà, kó padà wá jókòó. Bó bá gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ kó rọ́ọ̀gì tó ń ká kúrò nílẹ̀ ilé, kí ẹ fi iná sí ọ̀nà ilé ìgbẹ́.

Ìrìn Ojúde Ọba

Ìrìn pẹ̀lẹ́ ló nira jù, ìrìn kánmọ́-kánmọ́ rọrùn jù ú lọ. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé régbérégbé rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀, kọjá níwájú ààfin Awùjalẹ̀ níbi àjọ̀dún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá á ti mọ̀ ọ́n lára. Ní ìṣísẹ̀ 110 ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ kan kì í dá gbé ara tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kí èkejì tó bá a. Tí ìlù bá fà á wálẹ̀ sí 60, ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan yẹn á gùn sí i, ẹran ẹ̀gbẹ́ ìbàdí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ aṣọ olówó ńlá. Agbádá tún dá kún un: ọwọ́ tó yẹ kó máa jù kí ara má bàa yí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kíká aṣọ lé èjìká. Ìdí nìyí tí ìṣísẹ̀ ọkùnrin tó wọ agbádá fi máa ń kúrú, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fa ẹsẹ̀ gùn nínú agbádá ló máa ń kọsẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìmúra ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Lójoojúmọ́, ẹ fi ọwọ́ kan kan ògiri, kí ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, lẹ́ẹ̀mẹta ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ na gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀, nígbà 15. Ẹ̀yin obìnrin tó fẹ́ wọ bàtà gogoro, òun ni kí ẹ wọ̀ fi ṣe ìdánrawò nílé, ìṣẹ́jú 20 lóòjọ́, lórí ilẹ̀ líle. Bàtà gogoro ń ti ìwúwo ara lọ sí iwájú ẹsẹ̀, ó ń ká ẹran ẹ̀yìn ojúgun kò, ó sì ń sọ kókósẹ̀ di jẹ́lẹ́ńkẹ́. Èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ni a máa mú fún ẹni tó máa dúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Èyí tó ṣóńṣó bí ìṣó, fọ́tò ni kí ẹ fi yà, kí ẹ sì bọ́ ọ.

Ọmọ tó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́

Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde, ọmọ tí ara rẹ̀ le lè dá rìn nígbàkígbà láàárín nǹkan bí oṣù 8 sí oṣù 17 àti ààbọ̀. Ẹ má fi ti ọmọ aládùúgbò wé e. Ọmọ tó bá ti pé oṣù 18 tí kò tíì dá rìn ni kí ẹ gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, á ya ẹsẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á sì kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe àléébù: kò tíì lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan pẹ́. Bí ìdúró bá ti ń gbó, ọwọ́ á sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ á súnmọ́ra, gìgísẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rìn láìwọ bàtà nínú ilé. Ẹ má fi ọwọ́ méjèèjì fà á sókè bí ẹni gbé aṣọ kọ́ okùn, torí ìwúwo rẹ̀ kò ní dé ẹsẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, tàbí kí ẹ gbé àpótí ìjókòó síwájú rẹ̀ kó máa tì. Kẹ̀kẹ́ ìrìn ọmọdé tí wọ́n ń jókòó sí inú rẹ̀, ẹ má rà á. Kì í jẹ́ kí ọmọ tètè rìn, ó sì ń mú kó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Kánádà tiẹ̀ fi òfin dè é ní 2004.

Ẹsẹ̀ ọmọ máa ń tẹ̀ sí ìta títí di nǹkan bí ọdún 2, orúnkún á tún wá kọlu ara wọn ní nǹkan bí ọdún 3 sí 4, á sì tọ́ kó tó pé 7. Èyí tó ń le sí i lẹ́yìn ọdún 2, tàbí tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tàbí tí ọrùn ọwọ́ ọmọ náà wú nípọn, kì í ṣe ti ìdàgbàsókè. Ní Nàìjíríà, àìtó kálísíọ́ọ̀mù nínú oúnjẹ wà lára ohun tó ń fà á gan-an, oòrùn wa ò tó gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ lọ edé àti ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ teegun-teegun sínú ìkọ́kọrẹ́ ọmọ, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ọ̀pá, ọwọ́ wo?

Ọwọ́ tó kọjú sí ẹsẹ̀ tó ń dunni ni. Bí ìbàdí ọ̀tún bá ń dunni, ọwọ́ òsì ló máa di ọ̀pá mú. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe òdì kejì rẹ̀, a sì ń rí i lójoojúmọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ rántí ẹran ẹ̀gbẹ́ ìbàdí: nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá wà nílẹ̀, apá òsì ló fẹ́ já. Ọ̀pá tó wà ní òsì á gbé apá yẹn ró, iṣẹ́ ẹran náà á fúyẹ́, oríkèé á sì sinmi. Ọ̀pá tó wà ní ọ̀tún kò ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láti wọn ọ̀pá, kí ẹni náà wọ bàtà tó máa ń wọ̀, kó dúró tààrà, kó jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ìlà ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dọ́gba. Bó bá dì í mú, ìgúnpá á tẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pá tó ga jù á ti èjìká sókè, ọrùn á sì máa ro ó. Èyí tó kúrú á tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ẹ fi rọ́bà sí ìdí rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ bá ti dán, torí ọ̀pá tí kò ní rọ́bà lórí táìlì tútù burú ju àìní ọ̀pá lọ. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dunni á jọ lọ, ẹsẹ̀ tó le á tẹ̀lé e. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ló ń kọ́kọ́ gòkè, èyí tó ń dunni ló ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe kì í fi èyí kọ́ ara rẹ̀. Kó lọ bá physiotherapist, ẹni tó ń fi eré ìmárale tún ara ṣe, ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Adìẹ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orúnkún adìẹ tẹ̀ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú adìẹ tí ẹ ti tu ìyẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Níbi tí itan ti pàdé eegun gbọọrọ tó tẹ̀lé e, tí ọ̀bẹ máa ń gbà lọ, ibẹ̀ ni orúnkún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, ó sì tẹ̀ síwájú bíi tiwa. Ibi tí ìyẹ́ parí tí ìpẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní orúnkún, kókósẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà gbogbo ló ń fi ìka rìn, gìgísẹ̀ ń bẹ lókè. Ẹ fa iṣan funfun tó yọ níbi tí ẹ ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ìka á ká. Kò sí ọmọdé tí kò tíì fi ìyẹn dẹ́rù ba àbúrò rẹ̀.

Itan rẹ̀ dà bí ẹni jókòó torí pé àyà ló wúwo, iwájú ni ìwúwo ara wà. Ní 2014, àwọn olùwádìí kan ní Chile so igi mọ́ ìdí adìẹ bí ìrù láti kékeré. Ìwúwo lọ sẹ́yìn, itan adìẹ náà sì dúró tààrà ju ti àwọn yòókù lọ. Orí tó ń mì gọ̀ọ̀gọ̀ọ̀ náà ní ìdí: ẹ ya á ní fídíò níwájú ògiri búlọ́ọ̀kù, ẹ ó rí i pé orí dúró gbọnyin lójú kan, ara á lọ bá a, orí á tún tàkìtì síwájú. Ojú ló ń fẹ́ àwòrán tí kò mì. Ẹyẹlé tí wọ́n mú rìn lórí ẹ̀rọ ní 1978, níbi tí ohun tó yí i ká kò ti yẹ̀, kò mi orí rẹ̀. Aáyán ilé ìdáná pàápàá, tí eré bá dé ojú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì ló ń fi sá; wọ́n wọn eré rẹ̀ ní 1991, ó tó mítà 1.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Fún ẹni tó ń sin bróílà, ẹ lo òǹkà 0 sí 5. 0 ni ìrìn tó dán. 1, nǹkan kan ń ṣe é tí ẹnu kò lè sọ. 2, ẹ rí àléébù ṣùgbọ́n ó ń dé ibi oúnjẹ. 3, ó ń tiro gan-an, kì í fẹ́ dìde. 4, ìgbà tí ẹ bá lé e nìkan ló ń rìn ìṣísẹ̀ mélòó kan. 5, kò lè dúró mọ́. Láti 3 lọ, ẹ yà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú omi àti oúnjẹ nítòsí. 5 kì í sábà padà, ẹ má jẹ́ kó jìyà. Ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sókè wò: ọgbẹ́ dúdú ní àtẹ́lẹsẹ̀, omi tó rin èérún pákó ilẹ̀ ilé adìẹ ló fà á, ẹ kó èyí tó rin dànù, kí ẹ tún ibi omi ṣe. Ìka tó ká wọ inú bí ìkúùkù lára ọmọ adìẹ, fítámì B2 ló dín nínú oúnjẹ. Kókósẹ̀ tó wú, tí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, máńgáníìsì ni kí ẹ bi ẹni tó po oúnjẹ yín léèrè. Ẹsẹ̀ rírọ̀ tó ń tẹ̀ lọ́pọ̀ adìẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kálísíọ́ọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tàbí fítámì D ni.

Èyí tó bá dùbúlẹ̀ tó na ẹsẹ̀ kan síwájú, tó na èkejì sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn Marek, pàápàá lára adìẹ ẹlẹ́yin tó ti ń dàgbà. Kò ní oògùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ adìẹ bá jáde látinú ẹyin ni wọ́n ń fún un, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹyin, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta á kí ẹ tó sanwó.